Agbára Tí Mo Fún Apẹja

Àbámẹ́ta, Àgọ́-Ìwòyè

Dékúnlé ọ̀rẹ́ mi ló fa gbogbo èyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní agbára àwọn akọni inú géèmù tí mo ń ṣe ti jọra jù: ọdẹ á pọfọ̀, alágbẹ̀dẹ á pọfọ̀, apẹja náà á pọfọ̀. Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí.

Ni mo bá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ewé ni mo fún ọdẹ, iná ni mo fún alágbẹ̀dẹ. Fún apẹja, mo mú èèwọ̀ ilé wa ní Efire, létí ọ̀sà: bí ẹnì kan bá wà lórí omi, ará ilé kì í pe orúkọ rẹ̀ títí yóò fi gúnlẹ̀. Nínú géèmù, bí ọ̀tá bá ti pe orúkọ apẹja, agbára rẹ̀ tán.

Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń pẹja nílé ni mo fún apẹja náà. Kí ló tiẹ̀ kó sí mi lórí ná?

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fi géèmù náà ṣeré lọ́sàn-án òní. Bí apẹja ṣe fẹ́ borí, Dékúnlé tó ń ṣe ọ̀tá fò dìde, ó ń pariwo orúkọ yẹn, àwọn yòókù sì ń gbè é. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Màmá pè mí nírọ̀lẹ́. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ò tíì dé láti orí ọ̀sà o. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ti dé."

"Bóyá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló dẹnu kọlẹ̀, Mà. Ẹ fọkàn balẹ̀." Mi ò lè sọ ìyókù fún wọn.

Mo sọ ọ́ fún Dékúnlé, ó ní eré lásán ni. Èmi náà mọ̀. Mi ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Àmọ́ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ohun tí mo kọ yìí tán. Orúkọ rẹ̀ ò sí níbì kankan nínú ẹ̀, mi ò sì ní í kọ ọ́ títí yóò fi gúnlẹ̀.