Ìdáhùn Mi Lórí Iṣẹ́ Tí Ẹ Rí ní Parakou

Dassa-Zoumè,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Désiré,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo kí ìyàwó wa Jeanne àti àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró, kí ó má bá ẹnikẹ́ni nínú ilé yín lórí ibùsùn àìsàn. Ní ti àwa níbí, ara Ìyá wa le. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gun òkè mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì ń gùn ún. Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń pàṣẹ fún gbogbo àwọn tó ń ro oko iṣu ní Gbaffo. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, iṣu tuntun sì ti ń wọlé.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Lórí fóònù, ẹ kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Bí mo bá ti ní "Ẹ̀gbọ́n", ẹ̀yin ti ní "Mo ti mọ ohun tí o fẹ́ sọ." Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Bébà kò ṣeé já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ jókòó, kí ẹ kà á dé òpin.

Ẹ ní ọ̀gá kan tó ń ta símẹ́ǹtì ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀, pé ẹ ti dárúkọ mi fún un, ọjọ́ Ajé ni ó sì ń retí èsì. Ẹ ní kí n gé irun mi, kí n wọ ṣòkòtò, kí n jẹ́ Gervais bó ṣe wà nínú ìwé ìbí mi. "Àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ péré ni," bẹ́ẹ̀ ni ẹ wí, "tí o bá délé, kí o jẹ́ ẹni tó bá wù ọ́." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹ bẹ ènìyàn kí iṣẹ́ yẹn tó jáde. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń wá iṣẹ́ kiri, ẹ sì fi ojú ara yín rí bí mo ṣe gbẹ nígbà Àjíǹde.

Ọdún mẹ́ta rèé tí mo sọ fún yín, lábẹ́ igi kajú Bàbá, pé ọmọ tí gbogbo yín tọ́ ní ọkùnrin, obìnrin ni. Ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun. N kò gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹlòmíràn kì bá béèrè oúnjẹ, pàṣán ni ì bá wá lọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ojú mi rí, kí n tó fún yín lésì.

Ilé ìtura kan lẹ́bàá ọ̀nà ńlá ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tún aṣọ ibùsùn rán. Iṣẹ́ ọwọ́ mi wu ọ̀gá ibẹ̀, ó ní kí n kó ìwé mi wá. Nígbà tó rí fọ́tò inú ìwé-ẹ̀rí mi, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Madame, ta ni èyí?" Mo ní èmi ni. Ó pe akọ̀wé rẹ̀, akọ̀wé pe àwọn alásè, wọ́n dúró yí mi ká bí ẹni tó ń wo ẹran tí ọdẹ gbé dé. Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín títí mo fi kó ìwé mi, tí mo sì jáde.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílùú wa, lọ́dọ̀ ọkùnrin ni ọkùnrin ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, lọ́dọ̀ obìnrin ni obìnrin ti ń kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọkùnrin ni mo ti gba òmìnira. Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n da pọ́dà lé mi lórí. Ẹ jó débi pé bàtà yín já. Nígbà tí mo padà lọ bá àwọn aránṣọ ọkùnrin, wọ́n ní ẹ̀wù obìnrin tí mo wọ̀ yóò lé oníbàárà àwọn. Mo kọrí sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Madame Sandrine, tó ní ilé ìránṣọ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó fi ihò bọ́tìnnì tí mo ṣe han àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá kọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ kejì tó rí ìwé-ẹ̀rí mi, ó ní àwọn oníbàárà òun máa ń bọ́ṣọ níbẹ̀, òun kò lè fi ọkùnrin sáàárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n, ó dùn mí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi dojú kọ ògiri, n kò wẹ̀, n kò gbé fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, inú bí mi. Mo gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé, mo sì bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torúkọ tàdúgbò. Àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ níbẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo sọ̀kalẹ̀, mo jẹ iyán àwo méjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ṣòfin fún ara mi pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni màá máa wá iṣẹ́. Bí wọ́n bá lé mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní ọjọ́ mẹ́fà tí mo fi lè jẹ́ ènìyàn kí Ìṣẹ́gun mìíràn tó dé. Òfin yẹn ni kò jẹ́ kí orí mi dàrú.

Hàlímọ̀tù tó ń ta aṣọ lọ́jà ni ó fún mi láyè níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo àlàyé tí o ṣe nípa ara rẹ, kò yé mi, Ọlọ́run ni yóò là mí lóye. Ṣùgbọ́n gèlè tí o ṣẹ́tí rẹ̀ lánàá, wọ́n ti rà á." Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi síbẹ̀. Iṣẹ́ náà kàn ń yọ oúnjẹ òòjọ́ ni, ẹlòmíràn a sì máa kọjá kó tutọ́ sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìrìn àjò mímọ́ sí ihò àpáta Ìyá Màríà kù fẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo ìlú ló ń rán aṣọ. Ẹgbẹ́ akọrin àwọn ìyá, ogójì obìnrin, kó tiwọn lọ bá Madame Sandrine. Ẹ mọ irú aṣọ yẹn, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tí àwòrán Ìyá Màríà kún inú rẹ̀, tí gbogbo orí kọjú sí apá kan náà. A kì í ṣẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ po kí á tó gé e. Ìkánjú mú àwọn ọmọ iṣẹ́, wọ́n ṣẹ́ ẹ po sí méjì, wọ́n ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n rán an tán, iwájú yẹ̀rì dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn, Ìyá Màríà dorí kodò, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ibi tí ènìyàn fi ń jókòó gan-an. Ní Dassa níbí! Ta ni yóò jókòó lé Ìyá Ọlọ́run lójú nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá ń wàásù? Wọ́n ní nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ wọ tirẹ̀, tó kẹ́yìn sí àwọn yòókù, igbe tó sọ kọjá kékeré. Aṣọ náà sì ti tán ní Cotonou.

Madame Sandrine ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n gba ẹ̀yìnkùlé wá, pé yàrá kan wà ní kọ̀rọ̀ tí n óò ti máa ṣiṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè, aránṣọ kan tó ń jẹ́ Gervais ló wá láti Glazoué. Mo wọ ẹ̀wù mi tó dára jù, mo gba iwájú wọlé. Mo ní màá ṣe é, ṣùgbọ́n iwájú ni màá jókòó, Claudia ni wọn yóò máa pè mí, ọwọ́ ara mi ni màá sì fi wọn àwọn ìyá náà. Ó ní ṣé n kò rí i pé òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo ní èmi kọ́ ni mo dorí Ìyá Màríà kodò. Mo jáde. Bẹ́ẹ̀ kò sí gààrí nílé.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Chantal, olórí ẹgbẹ́ akọrin, wá bá mi níwájú ìsọ̀ Hàlímọ̀tù, ó gbé yẹ̀rì rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá. Ẹ rántí rẹ̀, òun ló kọ́ wa ní katikísìmù, tó ń fi igi na ìka wa. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ọmọ Òkè, kí ni wọ́n ń pè ọ́ báyìí?" Mo ní, "Claudia ni, Màmá." Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Claudia, má jẹ̀ẹ́ kí n jókòó lé Ìyá mi lójú." Ó bá na apá rẹ̀ méjèèjì láàárín ọjà, lójú gbogbo ayé, pé kí n wọn òun. Omi bò mí lójú débi pé n kò rí nọ́ńbà ara téèpù.

Mo tú ẹ̀yìn yẹ̀rì náà, mo yí i padà kí orí lè wà lókè, mo sì fi aṣọ tí kò ní àwòrán dí ibi tó kúrú. Ibẹ̀ ni ìdí yóò máa bá pàdé. Nínú ogójì, àwọn mẹ́tàlélógún ló ti gbé tiwọn wá. Ọ̀kan nínú àwọn tó kù pariwo lọ́jà pé ó sàn kí òun jókòó lé Màríà lójú ju kí ọwọ́ mi kan òun lọ. Mo ní kó kọ́kọ́ bi Màríà léèrè ná. Gbogbo ìlà aláṣọ bú sẹ́rìn-ín, lọ́tẹ̀ yìí èmi kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rín.

Ẹ má rò pé ayé ti dára o. Bí ìrìn àjò mímọ́ bá ti parí, iṣẹ́ yìí parí. N kò mọ ohun tí màá jẹ lóṣù Kẹsàn-án. Ìyá wa kò tíì lè pè mí ní Claudia. "Ọmọ mi" ni ó ń pè, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, ìdáhùn mi ni rárá. N kò wá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ wá iṣẹ́ fún Gervais, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n Gervais kọ́ ni ebi ń pa. Èmi ni. Ẹ ní àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ péré ni. Ṣé ẹ mọ bí àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ṣe gùn tó fún ẹni tó ń dibọ́n? Odidi ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ṣe é. N kò ṣe é mọ́, ì báà ṣe nítorí símẹ́ǹtì, ì báà ṣe nítorí wúrà.

Ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹ dákẹ́. Ẹ padà lọ bá ọ̀gá yẹn. Ẹ sọ fún un pé ẹ ní àbúrò obìnrin kan, pé ó mọ ìṣirò, kò jalè rí, kò sì ní jẹ́ kí àpò símẹ́ǹtì kan sọnù. Bí ó bá ní kí Claudia máa bọ̀, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni màá wọ̀. Bí ó bá sì rẹ́rìn-ín, ẹ óò fi etí ara yín gbọ́ bí ẹ̀rín náà ṣe ń dún, ẹ kò ní sọ fún mi mọ́ pé nǹkan kékeré ni. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kí àwọn ará Parakou ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ mi.

Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ, kí ó ṣọ́ yín lójú ọ̀nà, kí iṣẹ́ ọwọ́ yín má bàjẹ́. Kí ó má ṣe fi ìbínú pín àwa tí ikùn kan bí. Ẹ kí Jeanne, ẹ sọ fún un pé kó má fi ìwé yìí bínú sí mi.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin,
Claudia Òkè

Àfikún: Bí ẹ bá ń bọ̀ fún ìrìn àjò mímọ́, mo ti kó kúrò nílé àtijọ́, ẹ̀yìn ọjà ni mo wà báyìí. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ má béèrè Gervais. Ẹ óò rìn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ládùúgbò yìí. Ẹ béèrè Claudia aránṣọ. Ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bi ni yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà mi.