Àdúrà Tí Mọ́mì Fi Lé Wọn Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi Adégbìtẹ́,

Ẹ kú òtútù Kánádà. Mọ́mì ń kí yín, ìyàwó yín náà ń kí yín. Àwọn méjèèjì mọ ohun tó bàjẹ́, wọn ò sì ní sọ fún yín.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá sí Agbowó láti kọ orúkọ àwọn tí yóò gba kẹ̀kẹ́ arọ. Iremídé, ọmọ yín tí kò fẹsẹ̀ rìn rí, jókòó sórí ẹní níwájú wọn. Wọ́n bi Mọ́mì pé, "Ṣé aláàbọ̀ ara wà nílé yìí?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! A kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù!"

Wọ́n ní, "Àmín, Màmá," wọ́n sì kọjá sílé kejì.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ Mọ́mì pé bí a bá ń fẹnu pe ọmọ ní arọ, kò ní rìn. Ẹ ò sí níbí. Èmi ni mò ń pọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ sílé ìwé.

Mo bẹ àwọn òṣìṣẹ́ náà, wọn á padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Mọ́mì ò gbọ́ tèmi, tiyín ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ pe Mọ́mì kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n jẹ́wọ́ ọmọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ò bá pè, èmi ni n ó dá wọn lóhùn, orúkọ mi ni n ó sì ní kí wọ́n kọ síbi orúkọ òbí, níbi tó yẹ kí tiyín wà.

Àbúrò yín,
Ọláṣùmbọ̀