Wọ́n Ní Bàbá Ò Mọ Nǹkan Kan Mọ́

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. A ti rí bẹ́ẹ̀dì fún Bàbá ní ọsibítù kan ní Ṣakí níbí, wọ́n sì ń sun oorun wọn dáadáa. Èmi náà ń jẹun.

Dókítà kan tí kò jù mí lọ yọjú láàárọ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá iyè Bàbá ṣì wà. Ó pariwo lé wọn lórí pé, "Ọláyanjú! Ọláyanjú! Gbé ọwọ́ rẹ sókè!" Bàbá ò dá a lóhùn. Ló bá kọ ọ́ sínú fáìlì pé aláìsàn ò mọ nǹkan kan mọ́, ó ní ká máa gbé wọn lọ sílé lọ́túnla.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin! Ká ní Bàbá dáhùn ni, ìgbà yẹn gan-an ni ǹ bá sọ pé iyè wọn ti ra.

Mo bi í pé, "Dókítà, kí lẹ̀ ń pè ní iyè gan-an?"

Ó ní, "Kéèyàn gbọ́ orúkọ rẹ̀, kó dáhùn, kó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe."

Mo ní, "A jẹ́ pé ajá ilé wa níyè, àwọn tí a dìbò fún ni ò ní."

Ó ní kí n jáde. Mi ò jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo kí Bàbá bó ṣe tọ́, mo wá ń retí kí wọ́n ní kí n dìde. Nígbà tó pẹ́, nọ́ọ̀sì bá mi nílẹ̀, ó bi mí pé kí ló sọnù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ bá dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá padà, kẹ́ ẹ wá pe Bàbá bẹ́ ẹ ṣe máa ń pè wọ́n. Ẹ bá mi kí Wùnmí àbúrò mi. Ẹ kí àwọn tí wọ́n jọ ń hunṣọ pẹ̀lú Bàbá, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì tú òwú Bàbá kúrò lórí òfì.

Ọmọ yín,
Adégbénró