Ọkọ Mi Fi Àáró Bàbá Mi Lé Bàbá Mi Kúrò Níṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí... Ọkọ tí mò ń sùn tì ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, bàbá mi ò sì mọ̀. Ẹlòmíì ló ń bá bínú látọjọ́ yìí wá, ẹni yẹn sì wà lórí àìsàn báyìí ní Amukoko, ó ń retí bàbá mi, bàbá mi sì ti búra pé òun ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láyé òun. Mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá mi torí ẹnu ìyá mi kì í dúró, mi ò lè sọ ọ́ fún àlùfáà wa torí ọkọ mi ló ra kápẹ́ẹ̀tì sí mọ́ṣáláṣí náà. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí rí ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìsẹ́yìn ni bàbá mi ti wá sí Èkó, Amukoko ni wọ́n sì bí gbogbo àwa ọmọ sí. Ilé iṣẹ́ kan ní Apapa tí wọ́n ti ń ṣe àpò sìmẹ́ńtì ló ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ wọn. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń di àpò yẹn, àwọn ló ń rù ú sínú ọkọ̀, ẹrù tó lè ká èèyàn lẹ́yìn kò. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin yẹn gbọ́n. Ẹ mọ àáró tí àwọn bàbá wa ń ṣe lóko, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìẹ... òun ni wọ́n gbé wá sí Apapa. Bí ìyàwó ẹnì kan bá bímọ, bí ẹ̀yìn bá ń dun ẹlòmíì, bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ sin ìyá rẹ̀ nílé, àwọn yòókù á pín ẹrù rẹ̀ mọ́ tiwọn, wọn ò ní jẹ́ kó hàn pé kò sí níbẹ̀, owó rẹ̀ á sì pé lóṣù. Tó bá dé, òun náà á bá ẹlòmíì gbé. Fóòmáànù mọ̀, ó ń mójú kúrò, torí iṣẹ́ ò dúró rí. Àáró yẹn ni bàbá mi fi ráyè gbé mi lọ sí ọsibítù nígbà tí ibà fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ. Bàbá Kàmórù ló gbé ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ bàbá mi tímọ́tímọ́ ni, wọ́n jọ ti ilé wá ni, yàrá wọn kọjú sí tiwa, tó bá sì di ọjọ́ Sunday, abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun yẹn, gbòde, tí gbogbo kọ́ńpìnnì ń ké pé ọjà ò tà, ni Tíṣà dé. Bàbá mi ló sọ ọ́ ní Tíṣà o. Ọmọkùnrin yunifásítì, ó ń ṣe research, kọ́ńpìnnì sì fún un láyè kó máa wọlé kó máa jáde, kó wádìí bí wọ́n ṣe lè mú nǹkan tuntun wọ inú iṣẹ́ kí ilé iṣẹ́ lè pẹ́ láyé. Innovation, sustainable development, ó máa ń kà á jáde bí ẹni ń ké kéú. Kò níbi tó máa dé sí nítòsí, bàbá mi bá ní kó wá gba yàrá ẹ̀yìn. Tíṣà náà mọ èèyàn ṣe, kí n má parọ́ mọ́ ọn, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á jókòó sórí ẹní, á bá wọn fọwọ́ bọ ẹ̀bà, á ní Bàbá, ẹ tún un sọ, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Èmi tí mò ń kọ́ṣẹ́ tèlọ̀ ní Boundary nígbà yẹn, mo ti ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì... ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bàbá mi yó, inú rẹ̀ dùn, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu. Ó tú àáró yẹn kalẹ̀ fún Tíṣà látòkè délẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pín ẹrù, bí wọ́n ṣe ń bo ara wọn láṣìírí. Ó tún ní nígbà míì ìdajì àwọn ló máa ń wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ á sì yọrí. Ó ṣáà fẹ́ kí ọmọ yunifásítì mọ̀ pé púrúǹtù náà ní ọgbọ́n lórí ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi wà ní kíṣìnì, ẹ̀rín wọn nìkan ni mo gbọ́, ohun tí wọ́n sọ gan-an, ọdún yìí ni mo tó gbọ́ ọ.

Tíṣà kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí yunifásítì. Kò pẹ́ sígbà náà ni mánijà pe gbogbo àwọn tó wà nídìí àpò jọ, ó ní àwọn ti gbọ́ pé ìdajì wọn ló ń ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn, nítorí náà kí ìdajì máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n lé. Àwọn tó kù ò sì rí àáró ṣe mọ́, torí ta ló máa bá ta ni gbé nígbà tí tiẹ̀ ò tíì tán nílẹ̀? Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta ló tú àṣírí. Bàbá Kàmórù wà lára àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Ó tán. Òun ni. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta, ó ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Bàbá Kàmórù kàn wò ó ni, kò jiyàn, kò bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní ẹ ò rí i, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Tó bá dúró tì wọ́n lórí ìrun, wọ́n á sún kúrò. Ìyàwó rẹ̀ ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn á gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá níwájú rẹ̀ lọ rà á lọ́nà jíjìn. Nígbà tó yá ọkùnrin náà fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lọ ń ṣe mẹ́gàádì ní Kirikiri.

Ẹ máa bi mí pé bàbá mi ò wá ronú kan Tíṣà ni? Mo ti bi ara mi náà. Lójú tiẹ̀, Tíṣà ti di ọmọ ilé, ìwé ló ń kọ, kí ló kan ìwé kan mánijà? Ṣé kò rò ó ni, àbí kò fẹ́ rò ó? Ẹ̀rù ń bà mí láti dáhùn.

Tíṣà sì padà wá fẹ́ mi. Ó di Dókítà, ó di ẹni tí kọ́ńpìnnì ń ránṣẹ́ pè. Ó tọ́jú wa, mi ò ní purọ́, òun ló sanwó nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú bàbá mi, òun ló gba fúláàtì fún wọn ní Sùúrùlérè, òun ló ràn án lọ sí Mẹ́kà. Kò sí ìrun tí bàbá mi máa kí tí kò ní dárúkọ rẹ̀. Á gbàdúrà fún ọkọ mi, á ṣẹ́ Bàbá Kàmórù lépè, lórí ẹní kan náà.

Ọdún yìí ni wọ́n wá pe ọkọ mi sí ìpàdé ńlá kan ní Apapa, àwọn ọ̀gá kọ́ńpìnnì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Mo wọ léèsì, mo jókòó níwájú bí ìyàwó Dókítà. Ó dìde, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ kan wà nígbà kan tí wọ́n ń ṣe àáró nídìí àpò, ó ní innovation tòótọ́ nìyẹn, ilẹ̀ wa níbí ló ti hù, ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ pẹ́ láyé kó lọ kọ́ ọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá kan ló tú u palẹ̀ fún òun nídìí oúnjẹ, pé òun ò tíì gbọ́n nígbà yẹn, ohun tóun lọ sọ fún kọ́ńpìnnì ni pé èèyàn wọn ti pọ̀ jù. Gbogbo gbọ̀ngàn tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín o! Mo rántí ẹ̀rín tí mo gbọ́ láti kíṣìnì ní Sunday ọjọ́ náà.

Nínú mọ́tò mo bi í. Kò tiẹ̀ sẹ́. Ó ní òun ò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún wọn, ó ní ìwádìí ni ìwádìí, ohun tí èèyàn bá rí lèèyàn ń sọ. Mo ní Bàbá Kàmórù ńkọ́? Ó ní ta ni Bàbá Kàmórù? Ẹni tí òun náà bá fọwọ́ bọ abọ́ kan náà ló ń béèrè yẹn o. Ó wá bi mí pé, “Ta ló ń bọ́ bàbá ẹ látọjọ́ yẹn, ṣé kọ́ńpìnnì ni àbí èmi?” Léèsì tó wà lára mi, òun ló rà á.

Oṣù yẹn ò tíì parí tí Ìyá Kàmórù fi ránṣẹ́ pé ọkọ òun ò lè dìde mọ́, pé bàbá mi ló fẹ́ rí. Bàbá mi ní kó lọ rí mánijà. Mo dá lọ. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ báyìí, ẹkún ti gbà mí lẹ́nu, mo ṣáà ní Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Ó ní kí n dìde. Ó ní òun mọ ẹni tó sọ ọ́, òun wà níbẹ̀ ní Sunday ọjọ́ náà, òun ń fẹsẹ̀ tẹ bàbá mi lẹ́sẹ̀ pé kó dákẹ́, kò gbọ́. Mo ní kí ló dé tẹ́ ò fi sọ? Ó ní àwọn ọkùnrin yẹn, inú ń bí wọn, ebi ń pa wọ́n, wọn ì bá ṣe bàbá mi léṣe, bẹ́ẹ̀ kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, ọmọ sì pọ̀ nílẹ̀. Òun ṣì níṣẹ́ ní tòun. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Àáró ni, ọmọ mi. Ẹrù bàbá ẹ ni mo bá a gbé. Ó ti yí kàn án báyìí, kó wá bá mi jókòó.”

Ó ní kí n má sọ ohunkóhun fún un o. Kó ṣáà wá.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa wá láìjẹ́ pé mo sọ? Tí mo bá sọ, ọkàn bàbá mi ò lágbára mọ́, á mọ̀ pé ẹnu òun ló lé òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun níṣẹ́, á mọ̀ pé aláìṣẹ̀ lòun ń ṣẹ́ lépè, á mọ ẹni tí ọmọ òun fẹ́. Ilé mi ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Tí mi ò bá sọ, wọ́n máa gbé ọkùnrin yẹn sin pẹ̀lú ẹ̀bi tí kì í ṣe tiẹ̀... ṣé mo lè dúró nídìí sàréè yẹn? Ọkọ mi ní kí n fi àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, ó ń kọ ìwé lórí àáró báyìí.

Lánàá mo tún lọ bá bàbá mi. Ó ń ṣàlùwàlá. Mo ní Bàbá Kàmórù ń kí yín. Ó ní kí n jẹ́ kóun kírun ná. Ó kí i tán, ó gbàdúrà fún ọkọ mi, ó ṣẹ́ èpè tó máa ń ṣẹ́, èmi tí mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀ sì ṣe àmín sí méjèèjì bí mo ṣe máa ń ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀ láti kékeré, ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ni kí n ṣe? Ẹ má pẹ́ kẹ́ ẹ tó dáhùn, torí Ìyá Kàmórù ní ọkọ òun ò jẹun mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń wò.