Ṣingọ́ọ̀mù Tó Yọ Eyín Mi

Abúlé Nohyá,
ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún Àwọn Ọba Mẹ́ta.

Wilberth, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí Nelsy aya rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé ara yín le? Ṣé òòrùn Cancún kò tíì sun yín jóná? Ní tèmi, ara mi dá ṣáṣá, àfi ti eyín, ọ̀rọ̀ eyín sì ń bọ̀ níwájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti Àgbélébùú Mímọ́ tí wọ́n ṣì jẹ́ kí ojú mi ríran kọ̀wé.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù wo? Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Doña Filiberta? Bí mo bá sín nínú fóònù yẹn, kí n tó délé, àwọn ará àdúgbò ti ń kí mi kú òtútù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò fẹ́ etí púpọ̀. Nítorí náà, fara balẹ̀, kà á tán kí o tó bínú.

Don Nazario Chablé fẹ́ fi mí ṣe aya. Mo sọ ọ́ báyìí ní gbangba kí àyà rẹ lè já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì padà sáyè rẹ̀. O mọ̀ ọ́n dáadáa: òun ni ẹnìkejì bàbá rẹ nínú igbó, òun náà ló sì wà níwájú nígbà tí wọ́n ń gbé pósí bàbá rẹ lọ sí itẹ́ òkú. Ìwọ náà rántí ohun tí o sọ lọ́jọ́ yẹn. O dúró sẹ́nu ọ̀nà, o ní, “Mámà, kò sí ọkùnrin mìíràn tí yóò so àwọ̀n ìsùn rẹ̀ mọ́ ìkọ́ bàbá mi lára òpó ilé yìí láéláé.” Ọ̀fọ̀ ló mú ọ sọ ọ́, n kò dá ọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló gbọ́, Nazario náà sì gbọ́.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ọ, àfi kí n mú ọ padà sí ìtàn ṣingọ́ọ̀mù. Ìyá mi tí o kò bá láyé ni ó ń se oúnjẹ fún àwọn agboje tó ń gba oje igi nínú igbó, èmi ni mo sì ń lọ àgbàdo fún un. Ní gbogbo ìgbà òjò ni àwọn ọkùnrin máa ń so okùn mọ́ ìbàdí gun igi sapóte, tí wọ́n á fi àdá kọ ilà sí i lára láti ìdí rẹ̀ títí dé òkè, tí oje funfun á sì máa ṣàn tẹ̀lé ilà náà wá sínú àpò tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n á sè é nínú ìkòkò ńlá, wọ́n á rò ó títí apá á fi máa ro wọ́n, wọ́n á wá mọ ọ́n bíi búlọ́ọ̀kù, ìbaaka á sì rù ú lọ síbi tí ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí. Ibi tó ń lọ lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó sọ fún wa, àwa náà kò sì béèrè.

Àfi lọ́jọ́ tí awakọ̀ òfuurufú kan fún àwa ọmọdébìnrin ní ohun kan tí wọ́n dì sínú bébà pupa, pẹlẹbẹ, tó ń rùn bí ewé míńtì. Ìyá mi gba ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó ranjú, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, oje wa nìyí. Ọmọ wa ló lọ sókè òkun, tó dé tán, tó ń ṣe bí ẹni pé òun ò mọ̀ wá rí.” Gbogbo àgọ́ rẹ́rìn-ín títí. Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn pé ẹnu lásán ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe eré pẹ̀lú ohun tí ó ń mú kí ọmọ ènìyàn já bọ́ lórí igi.

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí a ń fi nǹkan hàn kó má ṣe tirẹ̀. Ó bu oje tó mọ́ díẹ̀, ó tún un sè, ó da oyin àwọn kòkòrò kéékèèké tí kì í ta ènìyàn sí i, ó gún ewé igi pimiẹ́ńta tó ń ta sánsán mọ́ ọn. Wilberth, ó dùn. Lọ́jọ́ Àìkú, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́ ní àgọ́ náà, àní àwọn tó ń bára wọn jà pàápàá ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí wọ́n ti ń jà. Nazario ló máa ń wá ewé náà bọ̀ láti inú igbó. Á gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, á wo ilẹ̀, á lọ. Bàbá rẹ kò wá ewé kankan, ẹnu nìkan ló mú wá, ẹnu náà sì dùn ju ṣingọ́ọ̀mù lọ. Òun ni mo fẹ́, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nazario lọ fẹ́yàwó ní abúlé mìíràn, ikú ti mú obìnrin náà lọ.

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé àwọn òyìnbó ti rí ohun kan tí wọ́n ń fi epo rọ̀bì ṣe, pé kò wọ́n wọn, pé wọn kò fẹ́ oje wa mọ́. Àgọ́ tú. Àwọn ìbaaka lọ, àwọn ọkùnrin di àgbẹ̀. Ìyá mi kú, kò sì sẹ́ni tó se ṣingọ́ọ̀mù náà mọ́. Igi wà níbẹ̀, oyin wà, ewé wà, ọwọ́ tó ń pò ó pọ̀ ni kò sí.

Ní ìgbà òjò tó kọjá yìí, Nazario bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi tún òrùlé ṣe. Òrùlé náà dára tán, kò sì yéé wá. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Herculana, ó ti sú mi láti máa dá oúnjẹ sè, kí n tún máa dá a jẹ.” Mo ní, “Ṣé alásè lẹ wá ń wá níbí?” Ó ní, “Rárá. Mo mọ̀ ọ́n sè. Ẹni tí a ó jọ jẹ ẹ́ ni mi ò ní.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó mọ̀. Mo ní, “Ẹ lọ se ṣingọ́ọ̀mù ìyá mi wá. Bí ó bá dùn bí ti àtijọ́, a ó jọ sọ̀rọ̀.” Mo rò pé mo ti fi ẹ̀rín lé e lọ. Àfi bí ọkùnrin náà ṣe fa àdá yọ tó gba ọ̀nà igbó lọ.

Nígbà tí a ń gbàdúrà fún àwọn òkú nílé Doña Filiberta ni ó gbé àkọ́kọ́ dé. Fádà wà níbẹ̀, a ń jẹ tàmálè, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ewé dì sè. Nazario na ṣingọ́ọ̀mù náà sí mi nínú ewé, mo jù ú sẹ́nu. Ó dì mọ́ mi lẹ́nu bí àtè. Bí mo ṣe ní kí n fi ìka fà á yọ, eyín àtọwọ́dá mi tòkè bá a jáde, ó ń fì dirodiro níwájú Fádà. Doña Filiberta ní, “Don Nazario, ìyàwó lẹ ń wá ni, àbí eyín?” Fádà sáré mu omi, omi náà sì gba imú rẹ̀ jáde. Ojú tì mí débi pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ohun tó fà á ni pé ó sè é bí àwọn agboje ṣe máa ń sè é láti tà. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ra oje nígbà náà, kò sì sí agboje tí kì í fi omi díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó fi fìlà bo àyà, ó ní, “Ọwọ́ mi ló bà mí jẹ́. Oníbàárà ló sè é fún, kò rántí pé ẹnu rẹ ni.” Ó padà lọ. Èyí tó tún gbé dé le débi pé mo fi di ilẹ̀kùn mú kó má bàa pa dé. Ó wò ó, ó tún padà sínú igbó.

Kò pẹ́ lẹ́yìn Kérésìmesì tó gbé ìkẹta wá. Mo jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Oyin ló kọ́kọ́ yọ, ewé sì tẹ̀ lé e. Mo rí ìyá mi lójú ààrò, mo rí bàbá rẹ pẹ̀lú ẹnu dídùn rẹ̀, mo sì sunkún. Nazario ní, “Ṣé kò dùn náà ni?” Mo ní, “Ẹ jókòó, ó dùn.” N kò ní purọ́ fún ọ, ọmọ mi: mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Inú mi ń dùn bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Àmọ́ o mọ àṣà wa. Bàbá mi ti kú, n kò ní arákùnrin. Ìwọ ni olórí ilé, ìwọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé búrẹ́dì àti ṣokoléètì wá bá láti tọrọ mi. Mo ti bẹ Nazario títí kó wá bá ọ, ó kọ̀. Ó ní, “Ojú ọmọ yẹn, ojú Tiburcio bàbá rẹ̀ ni. Bí ó bá lé mi, á dà bí ẹni pé Tiburcio ló lé mi.” Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ejò inú igbó, ìwọ ló ń bẹ̀rù.

Nítorí náà, èmi fúnra mi ni mo ń bẹ̀ ọ́. Ìkọ́ bàbá rẹ wà lára òpó níbi tó wà, kò sẹ́ni tí yóò so nǹkan kan mọ́ ọn. Èmi ni n ó ká àwọ̀n ìsùn tèmi lọ sílé Nazario, ilé bàbá rẹ á sì máa jẹ́ tìrẹ. Bí o bá ní rárá, n ó jókòó síbi tí mo wà, n kò ní bá ọ jà, ẹnu mi kò sì ní sọ ibi sí ọ. Ṣùgbọ́n ilé yìí dákẹ́ jù, Wilberth. Nígbà mìíràn adìyẹ ni mo ń kí lówùúrọ̀.

Kí Ọlọ́run pa ìwọ àti Nelsy mọ́. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má ṣe yẹ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà lójú rẹ, kí wọ́n sì máa rántí rẹ nígbà tí irun rẹ bá funfun, bí ìwọ náà ti ń rántí mi. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Herculana Pech.

Àfikún: Nazario ló fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Kò mọ̀wé, mo sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ nípa ẹṣin àbúrò rẹ tó ń ṣàìsàn ni mo kọ, pé kó fi jíṣẹ́ kó máa padà bọ̀. Kò mọ̀ pé búrẹ́dì àti ṣokoléètì wà lábẹ́ kúkúńdùkún tó wà nínú àpò tó gbé kọ́ èjìká. O rántí bí wọ́n ti ń ṣe é: ẹni tó bá wá tọrọ ìyàwó kì í jókòó, àfi bí olórí ilé bá fún un ní àga. Bí ó bá ti fún un, ó ti gbà nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Láti àárọ̀ ló ti wà nínú bọ́ọ̀sì, ó sì dá mi lójú pé ẹnu ọ̀nà ló ṣì dúró sí bí o ti ń ka èyí. Orúnkún rẹ̀ kò gba ìdúró pípẹ́. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, wá àga fún un.