Ẹ Sọ fún Àṣàbí Pé Òjò Ti Rọ̀

Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìlobù,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Òkúdù.

Àìṣà, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ara yín le? Ṣé Ìbàdàn gbà yín? Tí ẹ bá bèèrè àwa tí a wà nílé, àlàáfíà la wà, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀, kì í sì í purọ́. Bàbá rẹ náà ń bẹ. Ó ń jẹun dáadáa, ó sì ń bá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò jà láràárọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á gbọ́ ìròyìn tí yóò ba inú wa jẹ́ nípa ara wa.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí màmá mi kò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ohun tí mo fẹ́ sọ gùn ju ohun tí àtàǹpàkò mi lè tẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́sí, àwòrán adìyẹ ni mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, wọ́n sì dá mi lóhùn pé "Àmín." Bébà ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí. Jùwọ́n tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn ni yóò bá mi mú un wá. Tó bá dé, fún un lóúnjẹ, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ròyìn ilé onílé tó ọmọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìtàn rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ránṣẹ́ sí mi ní orí kọ̀ọ̀kan, o ní kí n bá ọ wo àmì ohùn, kí n wò ó bóyá ibì kan ṣì. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì kò ní iṣẹ́ méjì, inú mi dùn. Ilé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ Jàlálù ni mo ti ń ka orí kìíní, tí mo ń dúró kí wọ́n rin ẹ̀gẹ́ mi, nígbà tí Shakirah tó jókòó tì mí bi mí léèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ka díẹ̀ sókè fún un. Kí n tó gbójú sókè, gbogbo àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ti gbé àpótí wọn sún mọ́ mi. Láti ìgbà náà ló ti di pé gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń kàwé fún wọn. Jàlálù a máa pa ẹ̀rọ kí ó lè gbọ́, ẹ̀gẹ́ á wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kà á tán ni wọ́n tó máa ń bá a jà pé ó ń fi àkókò wọn ṣòfò.

O mọ ibi tí ilé ẹ̀rọ náà wà, lọ́nà Ìfọ́n. Lẹ́yìn wàhálà ilẹ̀ tó wáyé láàárín àwa àti wọn, ibẹ̀ nìkan ni obìnrin ìlú méjèèjì ti tún ń pàdé, torí ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í dúró de ìpàdé àlàáfíà. Ṣùgbọ́n a kì í sọ̀rọ̀. Àwọn á kọ ẹ̀yìn sí wa, àwa náà á kọ ẹ̀yìn sí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́" ló sì máa ń parí gbogbo ẹ̀. Àṣàbí inú ìwé rẹ ló là wá lẹ́nu. O kọ ọ́ pé obìnrin àgbẹ̀ ni, pé iná jó ilé rẹ̀ àti oko rẹ̀, ṣùgbọ́n o kò kọ orúkọ ìlú rẹ̀. Shakirah ní ọmọ Ìlobù ni, kò sí àní-àní, pé ẹ wo bó ṣe ń fún ẹni tó bá yà lóúnjẹ kó tó bi í léèrè ibi tó ti wá. Ìyá Fisáyọ̀, tó jẹ́ ará Ìfọ́n, yíjú padà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní obìnrin tó lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ títí, tó sì tún lè dá a lóhùn lórí ìkúnlẹ̀ náà, Ìfọ́n ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Wọ́n ní kí èmi ìyá òǹkọ̀wé dá ẹjọ́ náà. Mo ní Àìṣà ni mo bí, n kò bí Àṣàbí.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í dá sí i ni Bàrákátù, ìyá Sofiyullah. O mọ bí tirẹ̀ ṣe jẹ́. Ìfọ́n ni wọ́n ti bí i, Ìlobù ló lọ́kọ sí, ojú ààlà sì ni oko tí olóògbé fi sílẹ̀ fún un wà. Nínú wàhálà yẹn, oko jó, ilé náà jó. Láti ìgbà tí a ti darí dé láti Òṣogbo tí a sá lọ, yàrá rẹ àtijọ́ ló ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àwọn kan níhìn-ín ń wò ó bí ọmọ Ìfọ́n, àwọn kan lọ́hùn-ún ń wò ó bí ìyàwó Ìlobù. Ó ní tí wọ́n bá ti pín òun tán, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ẹsẹ̀ tó ń ro òun sí apá ibi tó bá wù wọ́n. Ìyẹn ni àwàdà tó ṣe gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Kò lọ sóko mọ́, kò bẹ ẹ̀gẹ́ mọ́, ó sì ti ránṣẹ́ sí Sofiyullah ní Ìlọrin pé kó wá kó òun lẹ́yìn Iléyá.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọkàn mi fún ọ. N kò fẹ́ kí ó lọ. Ìgbà tí a jọ jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni a ti ń ṣọ̀rẹ́, òun ló sì gbé ọ pọ̀n nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mo mọ̀ pé tó bá lọ, kò ní padà. Wọ́n á fi í sí yàrá kan tó ní tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa pè é ní Màmá, kò ní sí ẹni tó máa bá a jiyàn. Obìnrin tí kò bá rí ẹni bá jiyàn mọ́, àìsàn ló kù. Nítorí náà ni mo ṣe ń parọ́ fún un ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta pé orúnkún mi ń fẹ́ ẹni tí mo máa fi ọwọ́ tì, kí ó lè tẹ̀ lé mi lọ gbọ́ ìwé. Á jókòó, á ká ọwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n tí a bá ń bọ̀ nílé, á ṣàdédé bi mí pé, "Obìnrin yẹn, ṣé wọ́n ti wá yá a ní ọkọ́?" Inú mi á dùn, màá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa kó lè tún un sọ.

Lo bá fi orí keje ránṣẹ́. Àìṣà, kí ni mo ṣe fún ọ? Gbogbo wa ti ń retí pé òjò á rọ̀, Àṣàbí á padà sóko. Òjò rọ̀ lóòótọ́. O wá kọ ọ́ pé Àṣàbí gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páànù, ó kọ ojú sí ògiri, ó sì fa aṣọ borí. O kọ "Ó parí" sí abẹ́ rẹ̀. Ìyá Fisáyọ̀ ní kí n yí fóònù náà síbòmíràn, bóyá ó kù lẹ́yìn. Jàlálù ní nẹ́tíwọ́kì ni. Nígbà tí mo pè ọ́, o ní ìyà a máa dá ènìyàn dùbúlẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo ìtàn ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rín parí. N kò lè jiyàn, torí ẹni tó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú yàrá kejì sí mi.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò gbà ní tiwọn. Ní ọjọ́ Àìkú, níbi àsàlátù, nígbà tí Álífà ní kí á dárúkọ àwọn aláìsàn, Shakirah nahùn, ó ní, "Àṣàbí, Álífà. Kò lè dìde nílẹ̀." Álífà gba àdúrà náà tọkàntọkàn. Wọ́n ní kí Ọlọ́run gbé Àṣàbí dìde, kí Ó tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó dè é mọ́lẹ̀. Àìṣà, gbogbo wa ṣe àmín, èmi náà ṣe é, kí n tó rántí pé ìwọ ni ẹni tó dè é mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, Álífà bèèrè ilé rẹ̀ kí àwọn lè yà kí i. Wọ́n tì mí síwájú. Mo ní inú ìwé tí ọmọ mi ń kọ ní Ìbàdàn ló wà. Álífà wò mí títí. Wọ́n ní kò burú, àdúrà kì í ṣòfò, Ọlọ́run á bá àwọn wá ẹlòmíràn tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni òjò ńlá kan rọ̀. Bí ó ṣe dá, Bàrákátù yọ sí mi nínú ilé ìdáná. Ó ti wé gèlè mọ́ orí gírígírí. Ó ní, "Ìyá Àìṣà, ọkọ́ yín dà?" Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Mi ò sùn láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Inú ń bí mi sí obìnrin yẹn. Irú òjò wo ló rọ̀ tó ń faṣọ borí? Ọmọ yín ò mọ oko, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n lọ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án." N kò bi í bó ṣe fẹ́ fi han ẹni tí kò sí láyé. Mo fún un ní ọkọ́, mo sì tẹ̀ lé e lọ sí oko rẹ̀ tó jó. Mo gbàgbé pé orúnkún mi ń dùn mí.

Ká ní o wà níbẹ̀. Ilẹ̀ náà dúdú, koríko sì ti hù lórí eérú. Bàrákátù dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó tu itọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ebè tó bá kọ ló fi ń bú Àṣàbí. "Ọ̀lẹ. Ṣé ìwọ nìkan ni iná jó ilé ẹ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Dìde ńlẹ̀ níbẹ̀." Àwọn tó ń kọjá lọ sí oko wọn dúró, wọ́n rò pé èmi ló ń bá wí. Ìyá Fisáyọ̀ gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá, ó gbọ́, òun náà bá a bú u díẹ̀, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ wọ inú oko láti ràn án lọ́wọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí igi òrombó wọn wà tẹ́lẹ̀, Bàrákátù ṣíwọ́. Ó jókòó lórí ebè, ó sọkún. Èmi náà sọkún. Kò sí ẹni tó sọ pé kí á má sọkún mọ́. Nígbà tó tó, ó fi etí gèlè nu ojú, ó dìde, ó ní, "Àṣàbí, ìwọ lò ń fa gbogbo èyí," ó sì ń bá ebè rẹ̀ lọ.

Sofiyullah dé lẹ́yìn Iléyá, pẹ̀lú ọkọ̀ tó yá láti fi kó ẹrù ìyá rẹ̀. Kò bá a nílé. Mo mú un lọ sí oko. Ó wọ aṣọ funfun lọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí n wá kó yín." Bàrákátù ní kò burú tó ti mú ọkọ̀ wá, igi ẹ̀gẹ́ tí àwọn ẹbí òun fún òun wà nílẹ̀ ní Ìfọ́n, òun kò sì rí ẹni gbé e. Ọmọ náà wò mí bóyá n óò bá a dá sí i. Mo ń wo ojú ọ̀run. Igi ẹ̀gẹ́ ni ọkọ̀ Ìlọrin kó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú gàrí, kò mú ìyá lọ.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Ìgbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, mo máa ń sọ fún wọn pé ìtàn ń fún ènìyàn nírètí nítorí pé ó ń tù ú nínú. Ìtàn rẹ kò tu Bàrákátù nínú rárá, ó bí i nínú ni. Nígbà tí àwa alààyè ní kó dìde, a ò rí nǹkan kan ṣe sí i, torí ó mọ̀ pé a ń káàánú òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ẹlòmíràn tó dùbúlẹ̀ bíi tirẹ̀, òun náà ló wá ń sọ pé kó dìde. Torí náà, mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ pé kí o fi agbára gbé Àṣàbí dìde. Kọ ọ́ bí ó bá ṣe rí. Mo kàn fẹ́ kí o nu "Ó parí" yẹn kúrò. Ìwọ náà ò lè mọ̀.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ tí o fi ń kọ̀wé kò ní rọ. O kò ní rí ohun tí yóò dá ọ dùbúlẹ̀, bí o bá sì rí i, wàá rí ẹni tí yóò bú ọ dìde. Àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe ọ́ lóore bí o ṣe ń ṣe wá. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sọ fún un pé bàbá rẹ ń bèèrè ẹni tí wọ́n máa bá jiyàn bọ́ọ̀lù.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì ń bá ọ wo àmì ohùn,

Hàfúsátù.

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí ni Bàrákátù ti oko dé, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ òun sí i. Ó ní òun ti gbin gbogbo ilẹ̀ náà tán, àfi ebè kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, tí òun kò gbin nǹkan kan sí. Mo ní ti ta ni. Ó ní ti Àṣàbí ni. Ó ní kí n sọ fún ọ kí o má kánjú jí i, kó sùn dáadáa, pé òun ń bá a ro koríko ibẹ̀.