Odò Ìlú Papa Nkechi

Tuesday, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Tí mo bá ti school dé, mo máa ń bá Papa Nkechi tajà.

Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu Papa Nkechi, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n kàn máa ń jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù iṣu wọn ní Heathway, ní London níbí ni. Àwọn tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, o ò lè ra iṣu kan kí wọ́n má sọ bí wọ́n ṣe tẹ ìlú wọn dó nílẹ̀ Igbo fún ẹ!

Lónìí, mo rò pé wọ́n ti sùn. Ni mo bá ń sín wọn jẹ fáwọn oníbàárà.

"My son! Ọdẹ ni baba ńlá wa! Ó gbin iṣu sẹ́sẹ̀ òkè, iṣu ta bí itan màlúù! Ó fún àkọ́bí ní òkè, ó fún àbíkẹ́yìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a fi ń dáko..."

Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, ni mo bá fi irọ́ tèmi kún un. "Odò ìsàlẹ̀ yẹn? Ah, ìlú kejì ló ni ín o. A kàn ń tọrọ omi ni."

"Mba!"

Mo yíjú. Papa ló ń sọ "rárá" lédè Igbo! Wọ́n ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Mba! Na... na we get am!"

Páálí bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Nkechi, ọmọ wọn. Mo fẹ́ sá, Àǹtí ti di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Omi ń bọ́ lójú wọn. "Ta ló ní kó o má ṣe é mọ́? Tó o bá ti school dé lọ́la, wá fi òkè yẹn náà ta ìlú kejì lọ́rẹ, kí Papa tún lè sọ̀rọ̀."